Òǹkà Èéfín

Àwọn ọmọ ilé-ìwé nàka sí ìkùukùu funfun
tó ń rú lẹ́nu ilé-iṣẹ́ amúnáwá:
"Ẹ wo èéfín, mà! Ẹ wo bó ṣe pọ̀ tó!"
Mo ní rárá. Omi nìyẹn, omi gbígbóná lásán,
bí èyí tó ń jáde lẹ́nu yín nínú òtútù yìí.
Èyí tí wọ́n ní kí n wá kà
kò ní àwọ̀, kò ní òórùn,
kì í ta ojú, kì í mú ni húkọ́.
Àwọn àgbà ní èéfín kì í ṣeé bò mọ́ra.
Èyí ṣeé bò. Ó ti wà ní bíbò láti ayé bàbá bàbá wa,
ìdí rèé tí ìjọba fi fún mi ní ẹ̀rọ, ìwé, àti bàtà onírin.

Ilẹ̀ Lausitz, oṣù kejì ọdún.
Èdè méjì ló wà lára pátákó ojú ọ̀nà,
ti àwọn tó pọ̀ lókè, ti àwọn tó kéré nísàlẹ̀.
Kito ló mú mi gun àtẹ̀gùn, irínwó ó dín mẹ́ta,
ó ń kà á fún mi, kò mí hẹlẹ.
Ọdún mọ́kànlélógún ló ti fi ń tọ́jú iná yìí.
Nígbà tí a dókè, ó nawọ́ sí kòtò tí wọ́n ti ń wa èédú,
kòtò tó fẹ̀ débi pé ẹyẹ á kọ́kọ́ sinmi kó tó fò ó kọjá:
"Ṣé ẹ rí ibi tí omi dúdú yẹn dá sí?
Ibẹ̀ ni ilé ìdáná ìyá mi àgbà."

Wórša lorúkọ ìyá àgbà.
Nígbà tí òfin ayé ọjọ́un dé, pé èédú wà lábẹ́ abúlé,
kí abúlé dìde kó fún èédú láyè,
ó hú igi ápù kékeré kan tòun ti gbòǹgbò,
ó gbé e sínú kẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́,
ó tì í dé ilé tuntun tí ìjọba fún un.
Igi náà kò so rí. Ó kú lọ́dún kejì.
Kò gbà kí wọ́n gé e.

Òfin ló gba abúlé fún èédú.
Òfin ló fẹ́ gba èédú báyìí.
Kito bi mí, kò pariwo:
"Òfin wo ni yóò dá wa padà?"

Mo mọ ìdáhùn tó wà nínú ìwé mi.
Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.
Irọ́ ni, ó ti pẹ́ tó ti di irọ́:
eérú ibí yìí fò kọjá ẹni tó dà á,
ó lọ bà lé ẹni tí kò da nǹkan kan,
apẹja kan létí òkun, tí omi ti wọ yàrá rẹ̀,
tí kì í tan ju àtùpà kan lọ lálẹ́.
Ìdí nìyẹn tí a fi ṣòfin:
kí tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, kó ní olówó,
kí eérú lè tún mọ ọ̀nà ilé.
Mo gbà á gbọ́. Lórí àtẹ̀gùn yẹn, mo ṣì gbà á gbọ́.
Ṣùgbọ́n ilé ta ni eérú ń lọ gan-an?
Àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ ti ta ìpín wọn,
wọ́n wà níbi tí yìnyín kì í bọ́ sí.
Kito ló wà ní àrọ́wọ́tó.

Mo ka ẹ̀rọ. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mi ò yọ, mi ò fi kún un.
Ó ju iye tí òfin yọ̀ǹda lọ.
Kito yọjú wò ó láti ẹ̀yìn èjìká mi.
"Ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí," ó ní.
"Ọmọbìnrin mi ń kọ́ bí wọ́n ti ń gbé òpó afẹ́fẹ́ ró
lójú Òkun Àríwá. Kò fẹ́ràn ibẹ̀.
Ó ní afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kì í dákẹ́."
Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Nílé oúnjẹ òṣìṣẹ́ wọ́n bu ọbẹ̀ ọ̀dùnkún fún mi.
Kò sẹ́ni tó bá mi jókòó. Kito nìkan
ló gbé àwo tirẹ̀ wá,
ó yọ ápù kan lápò, ó fi ọ̀bẹ là á sí méjì.
Mi ò bèèrè igi tó ti já a.